ỌDÚN A MÁA PARIWO, ÌKÒKÒ LÓ Ń BỌ́ ÌLÚ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ọdún ìlú àti oúnjẹ inú ilé ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọjà a máa gbóná. Ẹlẹ́wà ń sáré, aláta ń sáré, aláṣọ ò ráyè jẹun. Ilé wá ńkọ́? Àlejò á dé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti ìlú òyìnbó, wọ́n á bá ìkòkò tó ṣófo, nítorí pé ìyá ilé ṣì wà lọ́jà. Ìgbà mìíràn sì wà tí wọ́n á lé àwa ọlọ́jà gan-an kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá tipẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún níbòmíràn. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti baba òun.

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida, létí omi ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá ọ̀sẹ̀ ọdún wọn pàdé. Nígbà tó dé tó sọ ọ́ nípàdé, ńṣe la lanu. Ó ní ọdún olè ni wọ́n ń ṣe! Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní irọ́ ni. Irọ́ kọ́ o. Òótọ́ ni.

Gasparilla ni orúkọ ọdún náà. 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Láyé òde òní, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kìíní ọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan á gbéra, àsíá á máa fẹ́ lókè rẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti múra bí olè orí òkun ayé àtijọ́: gèlè lórí ọkùnrin, idà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á fi aṣọ dúdú bo ojú kan. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké á tẹ̀ lé e rẹrẹẹrẹ. Wọ́n á yin àgbá, wọ́n á gúnlẹ̀, wọ́n á ní kí olórí ìlú kó kọ́kọ́rọ́ ìlú fún àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba títì etí omi kọjá tìlù tìfọn, wọ́n á máa ju ìlẹ̀kẹ̀ oníke sí àwọn èrò. Èèyàn bí 300,000 ló ń jáde wá wòran lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Ta wá ni olè tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀? Wọ́n ní José Gaspar lorúkọ rẹ̀, wọ́n ní ará Spain ni, wọ́n ní ó ja ọkọ̀ lólè lójú omi Florida títí tí wọ́n fi ká a mọ́, tó sì bẹ́ sómi. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn ti wá a títí, wọn kò rí ẹ̀rí kankan pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbélé ayé rí. Ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ rélùwéè kan wà lára ohun tó gbé ìtàn náà kiri, nígbà tí wọ́n ń wá èrò tó máa wá náwó sí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Ẹ ò rí i báyìí? Olè tí kò sí rí ló wá di ọba ọlọ́jọ́ kan. A ò bú wọn o. Ọdún ẹni lọdún ẹni, ìlú tó bá sì ń dára yá ìlú tó ń jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tó jẹ́ òótọ́ wà ní Tampa, àmọ́ kì í ṣe inú ọkọ̀ olè ló wà. Inú ilé ìdáná ló wà.

Ìyá wa yẹn ní bí ọ̀sẹ̀ ọdún bá ti dé, àwọn ìyàwó ilé tó mọ nǹkan á ti tètè ra ohun tí wọ́n máa sè, nítorí pé wọ́n á dí ọ̀nà, mọ́tò ò ní lè kọjá. Oúnjẹ ojú títì á wọ́n bí ojú. Nítorí náà, ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ò jẹ́ dúró de èyí tí wọ́n ń tà. Àárọ̀ kùtùkùtù ló ti ń gbé ìkòkò kaná. Wọ́n á se ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà dúdú, wọ́n á se ìrẹsì aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ adìyẹ, wọ́n á sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á kó o sínú kúlà, ó di ẹ̀bá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ, tí wọ́n á ti máa wo àwọn olè tí ń kọjá. Olè ń jó, ọmọ ń jẹun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò yàtọ̀ sí tiwa, àbí ó yàtọ̀?

Wọ́n ní búrẹ́dì kan níbẹ̀ tó gùn bí apá, àwọn ará Cuba ló mú un wá. Kí wọ́n tó tì í bọ ààrò, wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí, ibi tí ewé yẹn wà ni búrẹ́dì á ti là. Búrẹ́dì yìí ni wọ́n ń fi ẹran sí láàárín, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ iná títí ara rẹ̀ á fi gan. Èyí tó bá sì ti gbó, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á rún un, wọ́n á fi di ẹran alákàn tí wọ́n ti fi ata àti tòmátì sè, wọ́n á wá dín in nínú òróró. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1920, tí owó ò sí, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, tí wọ́n ń kiri rẹ̀ láti gbọ́ bùkátà. Ìgbà ìnira ló bí i, òun ló wá di oúnjẹ tí àlejò ń béèrè lónìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ àná ṣe nǹkan jíjẹ, ẹ ti mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú wa kọ̀wé yìí. Oúnjẹ kan tún wà tí wọ́n máa ń kiri ní àdúgbò Ybor City, ní Tampa níbẹ̀. Bollito ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà olójúdúdú sómi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aáyù àti iyọ̀ sí i, wọ́n á pò ó, wọ́n á wá máa dá a sínú òróró gbígbóná ní róbótó róbótó. Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ ń pe ìyẹn? Àkàrà ni! Orúkọ ló yí padà, tí aáyù sì gba ipò àlùbọ́sà. Ìyá wa ní nígbà tí òun gbé e sẹ́nu, ńṣe lòun jókòó.

Báwo ni àkàrà ṣe dé ìlú àwọn olè oníṣeré? Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Láyé àtijọ́ tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Cuba, wọ́n fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ìrèké. Lukumí ni wọ́n ń pe ìran wa níbẹ̀. 1886 ni oko ẹrú tó parí pátápátá ní Cuba. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vicente Martinez Ybor dá iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tampa, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà. Àwọn ará Cuba, funfun àti dúdú, rọ́ wá síbẹ̀ láti máa ká ewé tábà. Wọn ò kó wúrà wá, ọwọ́ tó mọ oúnjẹ sè ni wọ́n kó wá. Àwọn olè orí òkun gidi, àwọn tó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà, ìyẹn ò sí nínú ijó Gasparilla. Àkàrà ló rántí wọn.

Obìnrin adúláwọ̀ kan wà nínú àwọn tó ti Cuba wá, Paulina Pedroso lorúkọ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ Ruperto ní ilé kan ní Ybor City tí wọ́n ń gba èèyàn sí, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ. José Martí, ẹni tó ń kó owó àti èèyàn jọ kí Cuba lè gba òmìnira lọ́wọ́ Spain, máa ń wá sí Tampa. Ní 1892 àwọn ọ̀tá fẹ́ fi májèlé pa á. Ilé ta ló wá sá sí? Ilé Paulina. Oúnjẹ ọwọ́ obìnrin yìí ló wá ń fọkàn balẹ̀ jẹ. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí gbogbo Cuba ń wojú rẹ̀, ọwọ́ ìyá tó ń se oúnjẹ tà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Lónìí, ilẹ̀ tí ilé yẹn wà ti di ọgbà tí wọ́n fi ń rántí Martí. Paulina sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ará Cuba adúláwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1900, nítorí pé òfin Florida nígbà náà kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ náà ló dá ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún olè yẹn náà ní àbùkù tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin funfun nìkan ni ẹgbẹ́ tó ni ọdún náà ń gbà wọlé. Adúláwọ̀ lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó máa ṣa ìlẹ̀kẹ̀, kò lè wọ inú ọkọ̀. Nígbà tó di 1991, tí ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà fẹ́ wáyé ní Tampa, àwọn adúláwọ̀ pariwo pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò dáa. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà ṣílẹ̀kùn. Kàkà kí wọ́n ṣí i, wọ́n fagi lé ìwọ́de ọdún yẹn. Ìlú fi ọdún mìíràn dí àlàfo náà, àmọ́ kò gbóná. Nígbà tó di 1992, wọ́n padà wá, wọ́n sì gba adúláwọ̀ wọlé. Lónìí, ẹgbẹ́ tó ń bá ọdún náà rìn ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ti obìnrin náà wà nínú wọn. Ta ló ṣí ilẹ̀kùn? Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kó má baà dà bíi pé Tampa nìkan ni, ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba Brazil. Àwọn ìyá alákàrà ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn tó ń wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń dín akarajẹ lójú títì, ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ní 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje Ife Àgbáyé ti 2014 ń bọ̀, òfin FIFA kò fẹ́ kí ọlọ́jà òde sún mọ́ pápá. Àwọn obìnrin náà ò lọ sílé lọ sunkún. Ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kó orúkọ èèyàn jọ, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ní 2013 wọ́n gbà fún wọn láti tà. Bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́, ta ni ì bá gbọ́ ohùn alákàrà kan ṣoṣo? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó kù díẹ̀. Ní 2021, nítorí àrùn Kòrónà, wọn kò lè ṣe ìwọ́de Gasparilla. Ọkọ̀ olè ò gbéra, kò sẹ́ni tó ju ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ìlú ò jẹun? Ẹ rántí tiwa náà ní 2020. Nígbà tí ìjọba Èkó ní kí ọjà tì, àwọn wo ni wọ́n ní kó máa tà? Àwọn tó ń ta oúnjẹ, omi àti oògùn ni. Ọdún lè má wáyé, àríyá lè dúró, ìkòkò ò lè dúró. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí rèé, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó ń bọ́ ìlú kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa lé lójú ọ̀nà. À ń rọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún ìlú wa, à ń rọ káńsù náà, kí wọ́n pe ẹgbẹ́ sí ìpàdé kí ọdún tó dé, kì í ṣe ní àná ọdún. Kí wọ́n fi ibi tí a máa jókòó tà hàn wá. Kí omi wà níbẹ̀, kí ilé ìyàgbẹ́ wà, kí ibi ìkólẹ̀sí wà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbowó àyè, kí wọ́n dá iye rẹ̀, kí wọ́n já ìwé fúnni, kí ọmọ ìta má tún wá gba òmíràn lọ́wọ́ wa. A ò bẹ̀bẹ̀ àánú. Ẹ̀tọ́ là ń béèrè.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń nàka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo ara wa náà. Ẹnu wa ò lè gba ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wa ò bá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé wọn gàrí àti ẹ̀wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Àlejò tí ẹ rẹ́ jẹ lọ́dún yìí ò ní padà wá lámọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín nǹkan, ẹ má fi òróró tó ti dúdú láti ìjẹta dín àkàrà ọdún. Ẹ bo oúnjẹ, ẹ fọwọ́, ẹ má fi ọwọ́ tó gbowó bu oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ẹ̀wà ní ẹ̀rọ, ẹ rí i pé wọ́n fọ ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó da tiyín sí i, kí ata ẹlòmíràn má baà ba ti yín jẹ́. Èrè díẹ̀ tó mọ́ sàn ju èrè púpọ̀ tó ní èpè nínú.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kẹ́yìn, òun sì ni olórí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ ọdún sọ ilé yín di ahoro nítorí ọjà. A mọ̀ pé owó ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣètò ni. Ẹ bó ẹ̀wà lálẹ́ kí ọjọ́ tó mọ́, kí ọmọkùnrin náà bá yín bó o, ọwọ́ rẹ̀ ò ní já. Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, kí omi má pọ̀. Kí ẹ pò ó títí tí á fi fúyẹ́, kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, àkàrà yín á wú. Ẹ pe àwọn ọmọ tó wá láti ìlú òyìnbó jókòó síwájú ìkòkò, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá a sínú epo. Àwọn ìyá tí wọ́n kó lọ sí Cuba kò ní ìwé, wọn kò ní fóònù tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn, ọmọ fi kọ́ ọmọ, òun ló fi la òkun já, tó tún fi la oko ẹrú já dé Tampa. Ó máa jẹ́ ohun ìtìjú fún wa bí ó bá jẹ́ pé àwa tí a wà nílé ni àkàrà máa kú mọ́ lọ́wọ́, tí ọmọ wa á fi máa wá a lọ sí òkè òkun.

Ẹgbẹ́ á pàdé lórí ọ̀rọ̀ àyè ọdún yìí ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù iso rán aṣojú wá. Ẹni tí kò bá wá, kó má sọ lẹ́yìn ọdún pé wọn ò bi òun.

Ọdún á yabo. Ìkòkò wa ò ní ṣófo, igbá wa ò ní fọ́. Ajé á bá wa gbé o, àṣẹ.